Òní Kò Sí Nínú Kíkà

Ní Èrúwà nígbà náà, bí ẹ bá béèrè Adérógbà ọmọ Fákọ̀yà, ẹ̀rín ni ẹni tí ẹ bi yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. "Àlọ-Àbọ̀ lẹ ń béèrè? Kò sí nílé o. Ìgbà wo ló ń wà nílé?" Wọn kò parọ́ mọ́ ọn. Láti ọdún 1981 ló ti ń ti Èrúwà lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lójoojúmọ́, Mọ́ńdè títí dé Sátidé, tó sì ń padà wálé lálaalẹ́. Àkùkọ kò tíì kọ tí yóò ti wọ bàtà. Nígbà tí yóò bá fi dé, ọmọ ti sùn, ọbẹ̀ ti dì, ìyàwó ti ń tòògbé lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má rò pé orí ọkùnrin yìí kò pé. Ó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ fún iléeṣẹ́ kan tó ń ta páànù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní kó gba yàrá kan sí Ẹlẹ́yẹlé, kó yé fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀. Ó lọ wo yàrá náà, ó tilẹ̀ fẹ́ràn fèrèsé rẹ̀, ó sì padà wálé láìsan kọ́bọ̀. Ìdí ni pé òun nìkan ni Fákọ̀yà bí tó dúró. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, baba yìí ló fi ẹ̀kọ tútù àti iṣu sísun tọ́ ọ dàgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àlọ-àbọ̀ rẹ̀, yóò ní, "Baba mi ń dàgbà. Owó tí mò ń san fún Búrẹ́mọ̀, òun ni mo fi ń gbé lọ́dọ̀ baba mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Ó sọ ọ́ títí òun náà fi gbà á gbọ́.

Búrẹ́mọ̀ ni awakọ̀ tó ń gbé e. Nígbà tí Adérógbà bẹ̀rẹ̀, owó ọkọ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí náírà wá dojú bolẹ̀ láàárín kan, tí epo wọ́n, tí táyà di ohun tí ènìyàn ń wò lókèèrè, ìdajì owó oṣù rẹ̀ ló ń wọ àpò Búrẹ́mọ̀. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Bàbá Ọmọ́ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iléeṣẹ́ páànù ló gbà yín síṣẹ́ ni àbí Búrẹ́mọ̀?" Adérógbà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú níbẹ̀. Baba tí ó ń torí rẹ̀ náwó yìí kò gbé ìgboro. Oko ni Fákọ̀yà wà, nínú ahéré rẹ̀, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ojú títì tó lọ sí Ìbàdàn. Ibi tí ènìyàn ti ń yà kúrò lójú títì lọ síbẹ̀, igi oṣè ńlá kan ló wà níbẹ̀, Oríta Oṣè ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ Búrẹ́mọ̀ ń kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Láàárọ̀, Adérógbà ń sùn. Lálẹ́, Adérógbà ń sùn. Sálẹ́ńsà ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ tipẹ́, ariwo rẹ̀ kò jọ ti ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà náà, nítorí náà bí Fákọ̀yà bá gbọ́ ọ láàárọ̀, yóò ní, "Ọmọ mi ló ń lọ yẹn." Bó bá gbọ́ ọ lálẹ́, yóò ní, "Ọmọ mi ti dé." Báyìí ni baba àti ọmọ ṣe ń ríra wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni baba náà ń bẹ ọmọ rẹ̀ fún. Ó fẹ́ kí wọ́n jọ rin ààlà. Ilẹ̀ Fákọ̀yà, pèrègún mọ́kànlá ló yí i ká, ìdí pèrègún kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ẹni tó gbìn ín, ohun tó ṣe sábàbí, ìjà tó parí níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ká ìyá rẹ̀ mọ́ oko. Baba a máa ṣíwájú, ọmọ a máa tẹ̀lé e, àwọn tó bá wọn pààlà a sì dúró ṣe ẹlẹ́rìí. Baba Fákọ̀yà rìn ín pẹ̀lú rẹ̀, baba baba rẹ̀ rìn ín pẹ̀lú baba rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń rìn ín. Ẹni tí kò bá rìn ín, ilẹ̀ ló ní, kò ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ọdún 1984 ni Fákọ̀yà kọ́kọ́ sọ ọ́. Adérógbà ní, "Ẹ jẹ́ kójò dá, Bàbá." Òjò dá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ka ẹrù inú sítọ́ọ̀ tán." Wọ́n kà á tán, ọdún tún yí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Sọ́ńdè kan ṣoṣo tí iṣẹ́ fi sílẹ̀ fún un, oorun ló ń fi í sùn bí ẹni tí wọ́n lù. Ọdún mẹ́fà kọjá báyìí. Ọjọ́ ń lọ, oṣù ń rè, pèrègún ń dàgbà.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń ka ọjọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí ẹsẹ̀ ẹni bá wà la ti ń bẹ̀rẹ̀. Òní ni oókan. Ọ̀la ni eéjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ Ògún, bẹ́ẹ̀ náà ni Adérógbà ṣe kà á dàgbà. Àmọ́ ní ọdún kìn-ín-ní tó débi iṣẹ́, wọ́n ní tírélà páànù ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin òní. Ó kà á bí ìyá ẹni ṣe ń kà á, ó pe àwọn alábàárù ní ọjọ́ kan ṣáájú, wọ́n jókòó gbowó ọ̀fẹ́. Máníjà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adéníran, pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn. "A kì í ka òní, Adérógbà! Òní kò sí nínú kíkà! Ọ̀la ni ẹ ó ti máa bẹ̀rẹ̀!" Ojú tì í débi pé kò tún ṣì í mọ́ láéláé. Ó kọ́ ọ, ó gbọ́n sí i, ó sì gbé e wálé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1990, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, Fákọ̀yà fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá sí Èrúwà. Túsìdeè ni. Ọ̀sán ló ti dé, ó sì jókòó de ọmọ rẹ̀ títí ọkọ̀ Búrẹ́mọ̀ fi dé. Àmọ̀kẹ́ gbé oúnjẹ ka iwájú wọn, ó sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fọ abọ́. Baba àti ọmọ jọ tọwọ́ bọ àwo kan náà, nǹkan tí wọn kò ṣe láti ọdún Iléyá méjì sẹ́yìn.

"Adérógbà," ni baba náà wí, "ojú mi ti ń ṣú. Pèrègún méjì wà tí n kì í rí mọ́ àfi bí mo bá fọwọ́ kàn án. Bí o bá tún sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ìwọ ni yóò máa fà mí lọ́wọ́, ta ni yóò wá fi han ta? Mo ti bá Sàlámì tó bá wa pààlà sọ ọ́. Ọjọ́ karùn-ún òní. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Má jẹ̀ẹ́ kí n dúró títí."

Òkèlè wà lọ́wọ́ Adérógbà. Ó kà á nínú ara rẹ̀: Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè, Fúráìdeè, Sátidé, Sọ́ńdè. Sọ́ńdè! Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọjọ́ yẹn bá mi lára mu gan-an."

Fákọ̀yà dá ọwọ́ dúró nínú àwo. "Ó bá ọ lára mu?"

"Ó bá mi lára mu dáadáa. N ó wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán."

Baba náà rẹ́rìn-ín sínú, ó fi ẹran tó kù nínú àwo sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Adérógbà kò mọ ìdí ẹ̀rín náà nígbà náà. Kò tilẹ̀ rántí pé Túsìdeè yẹn, ọjọ́ Ògún ni, ọjọ́ tí baba rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ọkọ́, pé ọjọ́ Ògún mìíràn ni bàbá náà dá, ó sì bọ́ sí Sátidé. Lálẹ́, ó sọ fún Àmọ̀kẹ́ pé, "Sọ́ńdè yìí, n ó bá Bàbá rin ààlà." Àmọ̀kẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní Sátidé, Adérógbà lọ síbi iṣẹ́ bó ṣe máa ń lọ. Ó ń súfèé. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó yà sí Dùgbẹ̀, ó ra búrẹ́dì ńlá kan fún baba rẹ̀, ó sì ra bàtà rọ́bà fún ara rẹ̀ nítorí ìrì. Òjò bá wọn ní Ìdó. Ó gbé orí lé gíláàsì fèrèsé, ó gbá àpò búrẹ́dì mọ́ra, oorun gbé e lọ. Láàárín oorun yẹn, ó gbọ́ tí ọkọ̀ rọra dẹ ìrìn. Ó gbọ́ ohùn Búrẹ́mọ̀: "Ta ni bàbá tó dúró sínú òjò yìí? Ó ń nawọ́." Èrò kan lẹ́yìn dáhùn pé, "Ó ń retí ènìyàn ni, máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú." Adérógbà tún orí gbé dáadáa sára fèrèsé. Ọkọ̀ lọ.

Àárọ̀ Sọ́ńdè mọ́ rekete. Ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó gun ọ̀kadà dé Oríta Oṣè. Àpótí ìjókòó baba rẹ̀ wà ní ìdí igi náà, ó rin gbingbin. Wọ́n ti ṣán ojú ọ̀nà oko mọ́lẹ̀ féfé, koríko kò sí níbẹ̀. "Bàbá ti ṣáájú mi," ni ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sáré wọlé.

Sàlámì ló kọ́kọ́ rí, àgbẹ̀ tó bá wọn pààlà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní nínú ahéré, ó ń fi tẹ̀sùbáà ka orúkọ Ọlọ́run. Adérógbà dọ̀bálẹ̀. Sàlámì kò dáhùn ìkíni. Ó ní, "Àná ńkọ́?"

Fákọ̀yà wà lórí ẹní, aṣọ méjì ló bò ó, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n. "Adérógbà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "ṣé wọn ò wá fún ọ láyè níbi iṣẹ́ ni?"

"Bàbá, òní lẹ pè mí! Ọjọ́ karùn-ún lẹ wí." Ó ká ìka rẹ̀ lójú baba rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti Wẹ́sìdeè dé Sọ́ńdè.

Baba náà wo ọwọ́ náà títí ó fi kà á tán. "Wẹ́sìdeè lo ti bẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Túsìdeè tí mo fẹsẹ̀ rìn wá sílé rẹ, tí mo jókòó láti ọ̀sán dè ọ́, tí a jọ jẹun nínú àwo kan, ìyẹn kì í ṣe ọjọ́?"

Háà! Ohun tó bọ́ sí Adérógbà lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. "Níbi iṣẹ́ wa, Bàbá, òní kò sí nínú kíkà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Fákọ̀yà wí. "Mo ti ń rí i."

Sàlámì ló wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní láti ìdájí Sátidé ni àwọn ti jókòó sí ìdí oṣè. Ó ní Fákọ̀yà ti ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn fún àwọn láti ọjọ́ mẹ́ta, pé ọmọ òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí òun, pé ó tilẹ̀ ní ó bá òun lára mu. "Nígbà tí oòrùn kàn án, mo ní ká máa lọ. Ó ní rárá, o ti ń bọ̀, ọkọ̀ ló pẹ́. Òjò dé, mo fà á, kò dáhùn. Ó ní bí òun bá wọlé, o ò ní mọ ibi tí wàá yà, ó pẹ́ tí o ti wá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà wá wò ó. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ Búrẹ́mọ̀, ó dìde, ó nawọ́ sí i. Wọn ò dúró."

Adérógbà rántí ohùn Búrẹ́mọ̀. Ó rántí fèrèsé. Kò sọ fún wọn pé òun wà nínú ọkọ̀ náà. Kò sọ ọ́ fún baba rẹ̀ títí tí wọ́n fi ya ara wọn.

"Ẹ dìde, Bàbá," ló ń wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí. N ó pọ̀n yín, ẹ ó máa júwe fún mi láti ẹ̀yìn."

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́, o ò ní pọ̀n mí," ni baba náà dáhùn, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Òjò kan kò pa àgbẹ̀ rí. Jẹ́ kára mi yá. Ọjọ́ karùn-ún òní." Ó wá mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ká ìka rẹ̀ fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. "Òní, Sọ́ńdè, oókan." Ó kà á dé Tọ́sìdeè.

Ẹni bá gbọ́n nínú yín yóò ní kí ló dé tí kò dúró tì í. Ẹ kú ọgbọ́n. Òun náà bi ara rẹ̀. Ó rò ó pé Sàlámì wà níbẹ̀, pé àgbo ti wà lórí iná, pé bí òun kò bá lọ ní Mọ́ńdè lọ tọrọ àyè, Tọ́sìdeè náà yóò tún bọ́. Nítorí náà ó lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sùn nínú ọkọ̀. Ó la ojú sílẹ̀ dé Oríta Oṣè. Ó rí iná àtùpà kékeré kan láàárín igbó, ó sì mọ̀ pé ahéré baba òun ni. "Búrẹ́mọ̀, dúró" ti dé ètè rẹ̀. Ó rántí Adéníran tó máa ń dúró lẹ́nu géètì wo aago, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ Adérógbà nínú títí di òní, kì í ṣe pé ó ṣi ọjọ́ kà. Ọ̀rọ̀ méjì tó gbé mì yẹn ni.

Wọ́n fún un láyè fún Tọ́sìdeè. Ní Wẹ́sìdeè, nígbà tó wà nínú sítọ́ọ̀ láàárín páànù, Fákọ̀yà kú. Àyè tó tọrọ láti fi rin ààlà, òkú baba rẹ̀ ló fi sin.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Sàlámì pè é, ó ní òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ọmọ Fákọ̀yà jẹ. Olóòótọ́ ènìyàn ni. Ó ṣíwájú, Adérógbà tẹ̀lé e, wọ́n rin pèrègún mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kò ṣi ọ̀kan. Ilẹ̀ kò dín ní ìgbésẹ̀ kan. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ìdí pèrègún kẹrin, Sàlámì dúró. "Ibí yìí," ló wí, "bí baba rẹ bá ti dé ibí, ó máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ogójì ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, kò kọjá níbí láìrẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọmọ rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún."

Adérógbà jókòó sí ìdí igi náà, ó sunkún. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀; gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ó tún ṣe ọdún mẹ́rin sí i lójú ọ̀nà yẹn, torí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ní 1994, iléeṣẹ́ páànù kógbá sílé, wọ́n fún olúkúlùkù ní ìwé kan, ó sì di àgbẹ̀, ó ń gbé nínú ahéré baba rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ kò gbé e mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbé. Ọmọ́ṣọlá ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún ní 1997, ó sì ti ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kó gba yàrá níbẹ̀. Ó ní òun kò lè fi bàbá òun sílẹ̀.

Ní Túsìdeè kan, Ọmọ́ṣọlá ní kí Búrẹ́mọ̀ dúró ní Oríta Oṣè, ó sáré bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó ń ti oko bọ̀. "Bàbá mi, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ààlà yìí tipẹ́. Ọjọ́ karùn-ún òní, n ó wá, a ó jọ rìn ín." Búrẹ́mọ̀ ti ń fun fèrè. Kí Adérógbà tó la ẹnu, ọmọ ti padà wọnú ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí i lójú fèrèsé.

Nígbà tí Ọmọ́ṣọlá délé ní Èrúwà lálẹ́, Àmọ̀kẹ́ bi í pé ọjọ́ wo ló ń wí, ó ní Sọ́ńdè ni.

Ní ìdájí Sátidé, Àmọ̀kẹ́ tó ti wá sùn ní ahéré jí, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ti wọṣọ, tó gbé àpótí ìjókòó Fákọ̀yà lé èjìká. Ìkùukùu wà lójú ọ̀run.

"Bàbá Ọmọ́ṣọlá, níbo lẹ ń lọ? Mo ti sọ fún yín, ọ̀la lọmọ yìí ń wí."

"Mo mọ̀," ni Adérógbà dáhùn. "N ó dúró dè é ní ìdí oṣè lọ́la. Ti òní yìí, baba mi ni mo fẹ́ lọ jókòó tì."